Oníbodè orí ni í kà: bí a ṣe ń yan káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún firewall tí a fọwọ́ ara wa kọ́ nílé, àti bí a ṣe ń mú un sáré

Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi n'Íbàdàn jẹ́ 200 Mbps. Ráútà kékeré tó bá a wá ń gbé e dáadáa, títí tí mo fi so kámẹ́rà mẹ́rin, àpótí tí a ń kó fáìlì sí àti fóònù gbogbo ará ilé mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti ń fi fídíò ránṣẹ́, ohùn ẹni tó wà lórí ìpè á máa gé, á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan, mo ki káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ inú rẹ̀, mo fi OPNsense, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di firewall, sí i. Ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ló bá a lọ kí n tó mọ ohun tó ń fa eré sẹ́yìn gan-an. Ká ní mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí ni, mi ò bá tí ra káàdì lẹ́ẹ̀mejì.

Láyé àtijọ́, ohun tó ń gba àkókò oníbodè lẹ́nu odi ìlú ni iye orí tó ń kọjá. Ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ ńlá àti ẹni tó di igbá kékeré mú, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n dáhùn: níbo lo ti ń bọ̀, ta lò ń lọ bá? Iṣẹ́ firewall nìyẹn. Ìsọfúnni kì í ṣàn bí omi; wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́ ni, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì, firewall sì gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lórí ìlà 1 Gbps (1,000 Mbps), bí pákẹ́ẹ̀tì bá tóbi dé òpin, nǹkan bí 81,000 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá kéré dé òpin, wọ́n á tó 1,488,000. 1 Gbps la ń pe méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ oníbodè ti di ìlọ́po méjìdínlógún. Ìpè, géèmù àti ìbéèrè DNS, tí ẹ̀rọ fi ń wá àdírẹ́sì ojú-ìwé, ló sì ń lo pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké. Láti orí káàdì dé orí PPPoE, ọ̀nà kan tí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ìbéèrè kan náà ni mo ń wá ìdáhùn sí: ta ló ń yẹ pákẹ́ẹ̀tì wò, àwọn mélòó ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀?

Ẹ mọ ohun tó máa kọjá

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ eré ìlà tẹ́ ẹ ń sanwó fún sílẹ̀, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé: ṣé DHCP lásán ni, tí ẹ̀rọ ń gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, àbí PPPoE tó ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ọ̀pọ̀ ìlà fáíbà ibẹ̀ ló ń lo PPPoE. Ẹ má fojú kéré ìdáhùn yẹn, a máa padà wá bá a.

Ẹ tún ro ohun tó máa kọjá láàárín ilé. Bẹ́ ẹ bá pín ilé sí VLAN, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí wáyà kan náà, kí kámẹ́rà wà lọ́tọ̀, kí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, fáìlì tó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì á gba inú firewall kọjá. Ìlà mi jẹ́ 200 Mbps lóòótọ́, àmọ́ láàárín ilé, 1 Gbps gidi ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ tó máa gbé káàdì

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tó ní core mẹ́rin, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú CPU rẹ̀, ń gbé 1 Gbps láìlàágùn. Bẹ́ ẹ bá dé Computer Village n'Íkẹjà, tàbí ọjà kọ̀ǹpútà tó sún mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ihò PCIe, ibi tí a ń ki káàdì bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo gíga rẹ̀. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF, káàdì tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú nìkan ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ káàdì ni wọ́n ń tà pẹ̀lú irin gígùn, torí náà ẹ béèrè irin kúkúrú kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ wá wo iye ọ̀nà tó wà nínú ihò náà, èyí tí wọ́n ń pè ní lane. Ihò lè gùn bíi x16 kó jẹ́ pé lane mẹ́rin péré ni wọ́n so wáyà sí. Lane kan ti PCIe ìran kejì ń gbé 500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4 Gbps. Ti ìran àkọ́kọ́ ń gbé ìdajì rẹ̀. Káàdì tó ní ojú méjì (ojú ni ibi tí a ń ki wáyà bọ̀) ti 1 Gbps lè jókòó sínú x1 ìran kejì kí ara sì rọ̀ ọ́. Káàdì ojú mẹ́rin ń fẹ́ x4, káàdì 10 Gbps bíi Intel X520 ń fẹ́ x8. Ihò PCI àtijọ́ kò tó nǹkan kan mọ́: 133 MB ni gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ jọ ń pín, ìlà 1 Gbps kan tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀rọ yìí kì í sùn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń jẹ. Bó bá ń fa 30 W, 720 Wh ló máa jẹ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Bátìrì ínífátà olómi ti 12 V, 200 Ah ní 2,400 Wh, kò sì dáa ká fà á kọjá ìdajì. Nínú 1,200 Wh tó ṣeé lò yẹn, firewall nìkan á gbé ju ìdajì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àpótí kékeré tó ń lo Intel N100, tí wọ́n kọ 6 W sí CPU rẹ̀, fi wúlò fún ilé tó gbára lé ínífátà. Tòkunbọ̀ ni mo ṣì fara mọ́, nítorí ihò PCIe rẹ̀: bí káàdì bá bàjẹ́, káàdì nìkan ni màá pààrọ̀.

Nínú BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí bí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bí iná bá lọ tó sì dé, kẹ́ ẹ ní kó máa tan fúnra rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń fi OPNsense tàbí pfSense, tó jọ ọ́, sí i, wọ́n á bi yín bí dísìkì á ṣe máa tọ́jú fáìlì: ZFS ni kẹ́ ẹ yàn dípò UFS, torí ó ń fara da iná tó lọ lójijì jù ú lọ.

Káàdì fúnra rẹ̀

Káàdì tó dáa ń ṣe ju kó gba pákẹ́ẹ̀tì kó sì jù ú sínú mẹ́mórì. Ó ń wo àdírẹ́sì àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ìyẹn tò wọ́n sí ìlà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan lé core kan lọ́wọ́. Queue ni wọ́n ń pe ìlà náà, RSS sì ni wọ́n ń pe ọgbọ́n tó ń tò wọ́n. Bí káàdì kò bá ní in, oníbodè kan ni yóò máa làágùn, àwọn mẹ́ta yòókù á jókòó máa wò ó.

Bẹ́ ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹyọ káàdì kan fún 1 Gbps, Intel i350 ni màá dá. T2 ní ojú méjì, T4 ní mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní queue mẹ́jọ. Driver rẹ̀, ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀, nínú FreeBSD, OS (ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ) tí OPNsense àti pfSense dúró lé, ni igb, ó ti gbó dáadáa. Èyí tí wọ́n tú lára sáfà (server) ni mo máa ń wá, bíi HP 366T, tó jẹ́ pé i350 ló wà nínú rẹ̀. i210 ní queue mẹ́rin, òun náà dáa. i211 ní méjì, ó sì tó fún ilé tí eré ìlà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò pọ̀.

Fún 2.5 Gbps, i226-V ló wọ́pọ̀ lára àwọn àpótí kékeré, igc ni driver rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, i225-V, jáde pẹ̀lú àléébù: àlàfo tó yẹ kó wà láàárín pákẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì kò péye lórí 2.5 Gbps, pákẹ́ẹ̀tì á sì máa sọnù. B3 ni wọ́n pe èyí tí wọ́n ti tún un ṣe nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ i225 lẹ rí, ẹ béèrè B3.

Fún 10 Gbps, X520 ń lo SFP+, ihò tí a ń ki módù kékeré bọ̀ kí wáyà tó wọ̀ ọ́, X540 àti X550 ń lo kébù bàbà. X520 kò mọ 2.5 Gbps, X550 mọ̀ ọ́n. X520 tún máa ń kọ módù tí kì í ṣe ti Intel, `hw.ix.unsupported_sfp=1` ló ń mú kó gbà nínú FreeBSD. X540 ń gbóná gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ líle inú sáfà ni wọ́n rò mọ́ ọn. Ẹ kọjú fáànù sí i. Ilé tí ìlà rẹ̀ kò tó 1 Gbps kò nílò èyíkéyìí nínú wọn, ní tèmi.

Ọ̀rọ̀ Realtek máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. OS tẹ́ ẹ ń lò ló máa pinnu. Lórí Linux, bíi OpenWrt, driver r8169 ń gbé RTL8111 àti RTL8125 láìsí wàhálà. Lórí FreeBSD, driver re tó bá OS wá ní ìtàn gígùn ti "watchdog timeout": ẹrù á pọ̀, ojú káàdì á kú fún ìgbà díẹ̀, á tún jí. OPNsense ní plugin tí wọ́n ń pè ní os-realtek-re, tó ń fi driver ilé-iṣẹ́ náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi í sí i kẹ́ ẹ tó ju káàdì nù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé owó yín ṣì wà lápò, Intel ni kẹ́ ẹ fi rà.

Káàdì USB wà fún pàjáwìrì nìkan. Ó ń já láìsọ tẹ́lẹ̀, kì í sì í fẹ́ kó iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn CPU.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní ojú kan ṣoṣo tí kò sì ní ihò, ọ̀nà ṣì wà: síwíìṣì tó mọ VLAN. WAN (apá íntánẹ́ẹ̀tì) á jẹ́ VLAN kan, LAN (apá ilé) á jẹ́ òmíràn, wáyà kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì dé firewall. Pákẹ́ẹ̀tì tó wọlé láti WAN á tún gba ojú kan náà jáde sí LAN, torí náà ìwọlé àti ìjáde á jọ máa pín 1 Gbps. Fún ìlà 200 Mbps, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára.

Ayédèrú

Káàdì àkọ́kọ́ tí mo rà, i350-T4 ni wọ́n kọ sí i, owó rẹ̀ sì kéré débi tó yẹ kí n ti fura. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ojú kejì kú. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, ó jí. Nígbà tó di alẹ́, ó tún kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń tú ètò OPNsense palẹ̀, tí mo ń dá ẹ̀bi fún ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà tí mo yá káàdì ọ̀rẹ́ mi fi dán an wò ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

i350 wà lára èyí tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lára ojúlówó, ìtẹ̀wé orí pákó rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni jíjó irin rẹ̀ mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ojúlówó T4, ẹ máa rí orúkọ Delta lára irin ojú wáyà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ ka àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ti ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra, kí ìbẹ̀rẹ̀ wọn sì jẹ́ ti Intel tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe sáfà tí wọ́n tú u lára rẹ̀. Káàdì sáfà tó ti dọ̀tí díẹ̀, tó ní nọ́ńbà HP tàbí Dell lára, ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju èyí tó ń dán nínú ọ̀rá tuntun lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ lọ síbi tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí firewall, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé káàdì rí lane rẹ̀ àti pé wáyà pé (igb0 ni ojú àkọ́kọ́ káàdì):

`pciconf -lvc igb0`
`ifconfig igb0`

Nínú àkọ́kọ́, ẹ wá "link x4(x4)". Bó bá jẹ́ "x1(x4)", lane kan ló rí nínú mẹ́rin. Ẹ gbé e lọ sí ihò míì. Nínú èkejì, ó yẹ kẹ́ ẹ rí 1000baseT. Bẹ́ ẹ bá rí 100baseTX, kébù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú kébù ni 1 Gbps ń lò, 100 Mbps ń lo mẹ́rin péré; tí ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù bá já, ojú méjèèjì lè fohùn ṣọ̀kan lórí 100 láìbi yín. Cat5e ojúlówó tó fún 1 Gbps dé mítà 100. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kébù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi ọ̀bẹ họ orí wáyà kan, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà.

Ìwọ̀n ló kàn. Iperf3 ni irinṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi í sórí firewall fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ kó ṣẹ̀dá pákẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ pátápátá sí iṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì jẹ́ kó kọjá. Kọ̀ǹpútà kan á wà ní apá kan firewall, èkejì á wà ní apá kejì. VLAN méjì nínú ilé ti tó. Lórí ọ̀kan:

`iperf3 -s`

Lórí èkejì, lọ́kọ̀ọ̀kan (192.168.20.10 ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́; `-R` ń yí apá tí ẹrù ń gbà padà, `-P 4` ń rán ìṣàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà):

`iperf3 -c 192.168.20.10 -t 60`
`iperf3 -c 192.168.20.10 -t 60 -R`
`iperf3 -c 192.168.20.10 -t 60 -P 4`

Bó ti ń lọ lọ́wọ́, ẹ wà lórí firewall pẹ̀lú fèrèsé méjì tó ṣí sílẹ̀:

`top -aSHP`
`netstat -I igb0 -w 1 -d`

941 Mbps ni góńgó fún 1 Gbps. Nínú gbogbo báìtì 1,538 tó ń kọjá lórí wáyà fún pákẹ́ẹ̀tì ńlá kan, 1,448 péré ni ẹrù. Ìyókù jẹ́ àdírẹ́sì, àlàfo àti ìdì. Bẹ́ ẹ bá ti rí 941, ẹ má wá ohun tó ṣẹ́ kù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ìyàtọ̀ láàárín èsì àṣẹ iperf3 àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta. Ká sọ pé ìṣàn kan ṣoṣo fún yín ní 600, tí `-P 4` sì fún yín ní 941. Ìṣàn kan kì í kúrò nínú queue kan, torí náà core kan ló ń gbé e. Nínú `top`, ẹ máa rí i pé core kan ti kún dé 100% tí àwọn yòókù ń sinmi. Eré core kan ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kì í ṣe káàdì. Àmọ́ bí ìṣàn mẹ́rin náà bá tún jókòó sórí 600, tí core kan ṣoṣo ṣì ń làágùn, káàdì tàbí PPPoE ni kò pín wọn. Bí gbogbo core bá ń sinmi tí eré ò sì gòkè, ẹ padà sídìí kébù, síwíìṣì, lane, tàbí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń dán an wò.

Fún pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké:

`iperf3 -c 192.168.20.10 -u -b 0 -l 64 -t 30`

Nọ́ńbà tó wúlò níbí ni ti pákẹ́ẹ̀tì tí `netstat` ń kà lórí firewall ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti Mbps á kéré, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú déètì. Láti ibí lọ, nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ohun tó yẹ ká yí

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí offload, ìyẹn iṣẹ́ tí káàdì ń bá CPU ṣe. Nínú OPNsense, ó wà ní Interfaces → Settings. Nínú pfSense, ní System → Advanced → Networking. LRO máa ń so pákẹ́ẹ̀tì mélòó kan pọ̀ di ọ̀kan ńlá kó tó gbé e fún CPU. Fún kọ̀ǹpútà tó fẹ́ jẹ ohun tó gbà, ìrànlọ́wọ́ ni. Fún ráútà tó gbọ́dọ̀ tún wọn fi ránṣẹ́ bó ṣe bá wọn, ìdìpọ̀ ni yóò máa tú. Ẹ pa LRO àti TSO, ìkejì rẹ̀ lápá ìfiránṣẹ́. Ti checksum, nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá pákẹ́ẹ̀tì bàjẹ́, lè wà ní títàn lórí Intel tó wà nínú ẹ̀rọ gidi. Bẹ́ ẹ bá ń lo Realtek, tàbí bí firewall bá wà nínú VM (ẹ̀rọ àfarawé tó wà nínú ẹ̀rọ míì), ẹ pa òun náà.

Ẹ wo agbára CPU. Bí powerd bá ń dín eré CPU kù láti fi pa iná mọ́, ẹ yan Hiadaptive, torí ó tètè máa ń gbé eré sókè bí ẹrù bá dé. Ohun kékeré ni, àmọ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, mo rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá pákẹ́ẹ̀tì tó ń jábọ́:

`sysctl dev.igb.0.mac_stats.missed_packets`
`netstat -m`

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ń gòkè nígbà tí iperf3 ń lọ, pákẹ́ẹ̀tì ń dé kí CPU tó ráyè. Ẹ lè mú kí àyè ìdúró fẹ̀ nípa fífi èyí sí Tunables, ibi tí a ti ń yí ètò inú OS, kẹ́ ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn:

`dev.igb.0.iflib.override_nrxds="2048"`

Nínú `netstat -m`, ẹ wo ìlà "denied". Bí kì í bá ṣe òdo, ẹ gbé `kern.ipc.nmbclusters`, àyè mẹ́mórì tí pákẹ́ẹ̀tì ń lò, sókè, káàdì tó ní ojú àti queue púpọ̀ ló sábà máa ń nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ òdo, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan máa ń kó ogún tunable lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ibì kan kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ wọn. Mo ti ṣe é rí, ìparí rẹ̀ ni pé mi ò mọ èyí tó ràn mí lọ́wọ́ àti èyí tó ṣe mí ní jàǹbá.

Ọ̀kan tí mo máa ń yí nígbà gbogbo ni `dev.igb.0.fc=0`, tó ń pa flow control. Bó bá wà ní títàn, ẹ̀rọ kan tó lọ́ra lórí síwíìṣì lè mú kí firewall dúró de òun, gbogbo ilé á sì bá a dúró.

PPPoE

Ẹ rántí pé káàdì ń wo àdírẹ́sì ara pákẹ́ẹ̀tì kó tó mọ queue tó máa fi í sí. PPPoE ń da aṣọ bo àdírẹ́sì yẹn. Káàdì kò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ń kó gbogbo wọn sínú queue kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ core mẹ́jọ á wá di ẹ̀rọ core kan lójú WAN. Mo mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun nítorí èyí, tí kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Lórí FreeBSD, ẹ lè ní kí wọ́n tún wọn pín lẹ́yìn tí káàdì ti gbà wọ́n:

`net.isr.dispatch=deferred`
`net.isr.maxthreads=-1`
`net.isr.bindthreads=1`

Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kẹ́ ẹ fi `netstat -Q` wò ó. pfSense 2.8, tó jáde ní 2025, tún mú driver tuntun wá, if_pppoe, tó ń ṣiṣẹ́ náà nínú kernel, ìyẹn ọkàn OS. Ẹni tó bá wà lórí pfSense, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà yín bá jẹ́ DHCP, ẹ fo gbogbo ìpín yìí, ẹ má fi tunable wọ̀nyẹn sí i.

PPPoE tún ń gba báìtì mẹ́jọ nínú 1,500, MTU, ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù, á di 1,492. Ẹ dán an wò láti orí firewall:

`ping -D -s 1464 1.1.1.1`

1,464 àti báìtì 28 ti orí pákẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1,492. Bí èyí bá kọjá tí 1465 kò sì kọjá, ó péye. Bí ojú-ìwé kan bá ń ṣí tí òmíràn ń kọ́ lọ́nà láìsí ìdí, MTU ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìpè tó ń gé

Mo ti dé 941 láàárín ilé, síbẹ̀ ìpè ṣì ń gé. Ohun tó jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀rọ yìí gan-an kò tíì yanjú. Bẹ́nu ibodè tilẹ̀ yára, bí ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá há, èrò á kúkú tò síta. Módẹ́mù tó wà níwájú firewall mi ní àyè ìdúró tó fẹ̀ gan-an. Fídíò tí ẹnì kan ń fi ránṣẹ́ ló kún ibẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì ìpè tó kéré sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ẹ dán tiyín wò: ẹ máa ping 1.1.1.1 lọ nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, kẹ́ ẹ wo iye àkókò tí ìdáhùn fi ń padà, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Tèmi fò láti nǹkan bí 20 ms kọjá 300 ms.

Ojútùú rẹ̀ ni pé ká jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì tò sọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti lè tò wọ́n dáadáa. A ó dín eré tiwa kù díẹ̀ sísàlẹ̀ ti ìlà íntánẹ́ẹ̀tì, kí àyè módẹ́mù má kún láé, a ó sì fi FQ-CoDel, ọgbọ́n ìtò kan, tọ́jú queue tiwa. RFC 8290, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti 2018, ló ṣàlàyé rẹ̀: ìṣàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìpè kékeré kò ní máa dúró de fídíò ńlá, pákẹ́ẹ̀tì tó bá sì dúró pẹ́ jù, á jù ú nù kí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ lè rọra.

Nínú OPNsense, ẹ lọ sí Firewall → Shaper. Ẹ ṣe pipe méjì, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde, kẹ́ ẹ yan FlowQueue-CoDel fún àwọn méjèèjì. Ẹ so queue mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ rule lórí WAN fún apá kọ̀ọ̀kan. Nínú pfSense, Limiters ló ń jẹ́. Eré tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀, ẹ má ṣe kọ èyí tó wà nínú rìsíìtì. Ẹ wọn ìlà náà láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ àti láàárín òru fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ mú èyí tó kéré jù tó sì ń ṣẹlẹ̀ déédéé, kẹ́ ẹ kọ 90% rẹ̀. Ìjáde mi jẹ́ 190 nírọ̀lẹ́. 171 ni mo kọ. Ping kò kọjá 30 ms mọ́, bí gbogbo ilé ṣe wù kó máa fi fídíò ránṣẹ́ tó.

Bí eré ìlà yín bá ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú, bíi Starlink tàbí ti 4G, nọ́ńbà kan kò lè bá a mu: ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ pàdánù eré, ẹ kọ ọ́ sókè, pákẹ́ẹ̀tì á tún tò sí módẹ́mù. Irú ilé bẹ́ẹ̀, OpenWrt pẹ̀lú CAKE, ọgbọ́n ìtò míì bíi FQ-CoDel, ni mo máa ń ní kí wọ́n lò. Àwọn àfikún tó ń yí nọ́ńbà náà bí ìlà ṣe ń yí wà fún un.

Shaper ń fi iṣẹ́ kún ti oníbodè, lórí FreeBSD core kan ló sì ń gbé e. Lórí 200 Mbps, ẹ ò ní rí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sórí 1 Gbps, ẹ tún ṣí `top` sílẹ̀.

VPN àti Suricata

VPN ni ọ̀nà àṣírí tí a fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé láti òde. Nínú wọn, WireGuard ń lo gbogbo core, kò sì nílò AES-NI (ìrànlọ́wọ́ inú CPU fún ìfọ̀rọ̀pamọ́ AES), torí ChaCha20 ni ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ tó ń lò. OpenVPN ti àtijọ́ ń lo core kan, ó sì nílò AES-NI gan-an. Ẹ rí i pé ó wà ní títàn nínú BIOS. Suricata, ètò tó ń ṣọ́ ìkọlù, ń ṣí inú ẹrù pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò, eré á sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ẹ má tàn án kẹ́ ẹ tó parí gbogbo ìwọ̀n tó wà lókè yìí, kẹ́ ẹ má baà máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ lọ sí System → Configuration → Backups, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ètò náà sórí fláàṣì, pẹ̀lú fáìlì tẹ́ ẹ fi fi OS sí ẹ̀rọ. Ẹ fi téèpù lẹ fláàṣì náà mọ́ ara firewall. Bí dísìkì bá kú lọ́jọ́ kan, kò ní sí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi lọ wá ohunkóhun. Ẹ tún iperf3 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣe lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé OS sókè sí ẹ̀yà tuntun, nítorí driver ń yí padà, orúkọ tunable náà sì lè yí padà, kẹ́ ẹ fi èsì rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé yín.